Bí Mo Ṣe Ṣọ̀fọ̀ Roger Ebert

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2013, Roger Ebert kú ní Chicago. Ẹni ọdún 70 ni. Láti ọdún 1967 ló ti ń kọ̀wé nípa fíìmù sínú ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times, kò sì dáwọ́ dúró títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mi ò bá a jẹun rí, mi ò bá a sọ̀rọ̀ rí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan bí èmi wà láyé. Síbẹ̀, ikú rẹ̀ wọ̀ mí lára gan-an, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo lè fi ìbànújẹ́ náà ṣe. Mo ń kọ èyí fún ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá, tí òǹkọ̀wé tàbí alámèyítọ́ tó fẹ́ràn bá papò dà, tí kò sì sí ẹni tí yóò kí i kú ìrọ́jú.

Ọdún 1997 ni mo dé Chicago láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo rí ṣe, iṣẹ́ òru, ní ilé ìtọ́jú kan ní apá àríwá ìlú. Láàárọ̀, tí mo bá ń darí bọ̀ wálé nínú ọkọ̀ ojú irin Red Line, mo máa ń rí Sun-Times tí ẹlòmíràn ti kà tán, tó fi sílẹ̀ lórí àga. Ìwé ìròyìn náà kò fẹ̀, èèyàn lè ṣí i láàárín èrò láìfi ìgúnpá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ lórí àwọn fíìmù tuntun máa ń jáde. Mi ò lówó sinimá nígbà yẹn. Èdè ọkùnrin náà ló fà mí. Òyìnbó tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, òyìnbó ìdánwò ni. Ebert máa ń kọ tirẹ̀ bí ẹni tó jókòó tì ọ́, tó ń ròyìn ohun tó rí, tí kò sì fi ìmọ̀ ṣakọ. Òun ló kọ́kọ́ là á yé mi pé kì í ṣe ohun tí fíìmù dá lé lórí ló jà jù, bí kò ṣe bí fíìmù náà ṣe gbé e kalẹ̀. Bó bá jẹ́ fíìmù ẹ̀rín, ohun tó máa bi í ni pé ṣé ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Kì í bá fíìmù wí pé kò jẹ́ ohun tí kò pinnu láti jẹ́.

Nígbà tí ọdún yẹn parí, tí gbogbo ayé ń pariwo Titanic, Ebert mú Eve's Bayou, ó ní òun ló dára jù lọ nínú àwọn fíìmù ọdún 1997. Kasi Lemmons, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ló darí rẹ̀. Mo lọ wò ó nítorí ohun tí Ebert kọ. Ìtàn ilé dókítà aláwọ̀ dúdú kan ní Louisiana ni, ilé tí àṣírí pọ̀ nínú rẹ̀, tí obìnrin kan ń ríran níbẹ̀, tí ọmọdé sì ń gbọ́ ohun tí àgbà rò pé kò gbọ́. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo jáde síta nínú òtútù, ó ń ṣe mí bíi kí n wá ọkùnrin náà rí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí láìsí i, mi ò ní mọ̀ pé fíìmù yẹn wà. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré mọ́.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, òun àti Gene Siskel, alámèyítọ́ fíìmù ti Chicago Tribune, ni wọ́n jọ ń jókòó sọ̀rọ̀ fíìmù. Ìwé ìròyìn àwọn méjèèjì ń bá ara wọn du òǹkàwé, àwọn náà sì ń bá ara wọn fà á lójú gbogbo èèyàn: eléyìí á gbé àtàǹpàkò sókè pé fíìmù dára, ìyẹn á dorí tirẹ̀ kodò pé kò dára. Siskel kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1999, lẹ́ni ọdún 53. Kókó kan ló hù sínú ọpọlọ rẹ̀. Ìwọ̀nba ni ẹni tó mọ bí àìsàn náà ṣe le tó, Ebert kò sì sí nínú wọn. Ó dùn ún gan-an, débi pé nígbà tí àìsàn dé bá òun náà, òun àti Chaz ìyàwó rẹ̀ pinnu pé àwọn kò ní fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Àwa náà máa ń fi àìsàn pamọ́. A ń bẹ̀rù ayé, a ń bẹ̀rù ẹnu èèyàn, a ní kí ọ̀tá má rí wa yọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà, ọjọ́ tí wọ́n pè wá pé ó ti kú la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, òun ló ni ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣe àwa tó kù. A kò rí i kí, a kò bi í ní ohun tó yẹ ká bi í, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún máa wádìí ohun tí bàbá wọn ìbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn. Ebert ṣe ìdàkejì rẹ̀ fún àwa tó ń kà á, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ wà fún ọ̀fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pa oró ikú náà tán.

Ọdún 2002 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ní kókó táírọ́ìdì ọrùn rẹ̀. Ó tún dé ibi tí itọ́ ti ń sun lẹ́nu. Ní ọdún 2006 wọ́n gé lára eegun àgbọ̀n rẹ̀ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà ní ọrùn bẹ́, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Láti ìgbà náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò lè jẹ, kò lè mu. Rọ́bà tó wọ ikùn ló ń gbé oúnjẹ fún un, kọ̀ǹpútà ló sì ń bá a ka ohun tó bá tẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ rọ́bà yẹn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́nà ọ̀fun kí aláìsàn lè mí. Nígbà tí ìwé ìròyìn Esquire gbé àwòrán ojú rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, bó ṣe rí gan-an láìfi nǹkan kan bò ó, àwọn kan níbi iṣẹ́ wa kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà ló kọ̀wé nípa àìlè jẹun. Ó ní oúnjẹ àti ohun mímu kọ́ ni àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ẹ̀fẹ̀, òfófó, àríyànjiyàn àti ìtàn àtijọ́ tó máa ń wáyé nídìí oúnjẹ ni.

Mo kà á tán, mo sì yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ṣáájú ìgbà náà, tí mo bá ti so oúnjẹ mọ́ rọ́bà aláìsàn, yàrá kejì ló kàn, nítorí iṣẹ́ pọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fa àga jókòó tì wọ́n díẹ̀, kí n sọ ohun tó ń lọ níta fún wọn, kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lè fi orí tàbí ọwọ́ dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá tí wọ́n ń fi rọ́bà bọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sé wọn mọ́ yàrá nígbà tí ilé bá ń jẹun. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, torí òórùn oúnjẹ máa ń ni ẹlòmíràn lára. Bí wọ́n bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì kàn wọ́n.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2013 ló kọ̀wé pé wọ́n ti rí i pé eegun ìbàdí òun tó ṣẹ́, tí kò jẹ́ kí òun rìn dáadáa, jẹjẹrẹ ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dín iṣẹ́ kù, kí òun máa kọ̀wé lórí kìkì fíìmù tó bá wu òun. Ó ní fíìmù 306 ni òun kọ̀wé lé lórí lọ́dún tó kọjá, òun kò sì kọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ètò ọjọ́ iwájú ló kún inú ìwé náà. Mo kà á, ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó kú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán ni, mo ń múra iṣẹ́ alẹ́, nígbà tí mo rí i lórí fóònù. Ojú mi ti wú kí n tó débi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò mi, ta ló kú nílé?" Mo ní kì í ṣe ilé. Mo dárúkọ Ebert. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Òyìnbó orí tẹlifíṣọ̀n yẹn? Ṣé ó mọ̀ ẹ́ ni?" Kò fi ìkà sọ ọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi mí ni, mi ò sì ní èsì. Lọ́jọ́ náà gan-an, Ààrẹ Obama gbé ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn jáde lórí ikú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún ààrẹ láti kẹ́dùn ní gbangba, kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ló ṣe jẹ́ sí i. Èmi tó ń fọ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, mo ní láti lọ sọkún sínú ilé ìwẹ̀.

Ọ̀fọ̀ ní ọ̀nà nílẹ̀ wa. Wọ́n á wá kí ọ, wọ́n á ní a kú ará fẹ́ra kù, wọ́n á jókòó. Oúnjẹ á wọlé. Ẹnì kan á béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, wàá sọ, ẹlòmíràn á tún béèrè, wàá tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fúyẹ́ lẹ́nu rẹ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ òǹkọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n kò ní ìkankan nínú èyí. Kò sí ẹni tí yóò bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá rí i sọ, inú rẹ̀ ló máa kó o sí. Ìmọ̀ràn tèmi nìyí: ẹ má bá ẹni tí kò yé jiyàn, ẹ má sì máa wá ẹ̀rí pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún. Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tó lè fetí sílẹ̀. Ẹ sọ pé, lágbájá kú, ohun tó ṣe fún mi rèé. Ọkọ mi ni mo sọ ọ́ fún, lóru ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun kì í ṣe ẹni tó ń ka ohun tó jẹ mọ́ fíìmù. Mo sọ nípa Red Line, mo sọ nípa Eve's Bayou, mo sọ nípa àwọn aláìsàn tí mo ń jókòó tì. Ó ní, "Ẹni tó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí o ti dé ìlú yìí, ṣé àjèjì ni?" Ó wá kí mi kú ìrọ́jú bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sùn.

Ohun tí kò ràn mí lọ́wọ́ pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń ka gbogbo ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ nípa rẹ̀, látọ̀dọ̀ òṣèré dórí olùdarí fíìmù. Ìtàn kan náà ló ń padà wá: àtàǹpàkò, Siskel, Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà, tó gbà ní 1975, tí kò sí alámèyítọ́ fíìmù tó gbà á ṣáájú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á tó ni ọkùnrin tí mo mọ̀ ń jìnnà sí mi tó. Ìgbà tí mo pa gbogbo rẹ̀ tì, tí mo padà sínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ni ara tó tù mí. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Life Itself, tó jáde ní 2011, ni mo kọ́kọ́ mú. Ibẹ̀ ni mo ti kà pé ó lo ọdún kan ní yunifásítì Cape Town ní 1965, lásìkò tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lórí oyè níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti kà pé kò mutí mọ́ láti 1979, pé òun kò bẹ̀rù ikú, àti pé bí wọ́n bá ní kí òun fi ẹnu kan sọ gbogbo ohun tí òun gbà gbọ́, ṣíṣe inúure síni ni.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fíìmù tó pè ní ńlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, bí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń di iṣẹ́, fíìmù tó yẹ kó gbádùn mọ́ ọ á wá di gbèsè tí ò ń san. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Mo ṣì ní àwọn tí mi ò tíì wò, inú mi sì dùn pé wọ́n kù.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin láti kàtídírà Holy Name. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lọ. Ní ọjọ́ 11, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ ní Chicago Theatre, ní State Street, mo sì bá ẹnì kan ṣe pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ kí n lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá láǹfààní àtilọ sí irú rẹ̀, ẹ lọ, kódà bí ẹ ò bá mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lórí ìlà níta, màmá kan tó dúró níwájú mi yíjú padà, ó bi mí pé fíìmù wo ni Ebert mú mi lọ wò. Kò béèrè pé ta ni mí, kò béèrè báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo sọ tèmi, ó sọ tirẹ̀, ti Hoop Dreams, fíìmù nípa àwọn ọmọ méjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Chicago níbí, tí Ebert àti Siskel pariwo rẹ̀ ní 1994 títí ayé fi gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a wò ó, ọmọ náà sì ti dàgbà báyìí. Bí wọ́n ṣe ń kíni nílé ọ̀fọ̀ nílẹ̀ wa gan-an ni ìbéèrè màmá yẹn rí létí mi. Láti ìgbà náà, bí olókìkí kan bá kú tí mo rí ẹni tó ń sunkún rẹ̀, mi ò béèrè bóyá wọ́n mọra. Mo máa ń béèrè ohun tí òkú náà fún un.

Àwọn ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ló ṣòro jù. Ohun tó ti kọ sílẹ̀ ṣì kù díẹ̀, èyí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn jẹ́ ti fíìmù kan tí Terrence Malick darí, To the Wonder. Nígbà tí ìyẹn náà jáde tán, mo wá mọ̀ pé ó ti tán lóòótọ́. Mo lọ wo fíìmù kan, mo délé, mo sì ń wá ohun tí Ebert máa sọ kí n tó rántí. Nítorí ìyẹn, ó pẹ́ tí mi ò lọ sí sinimá mọ́. Mo gbìyànjú àwọn alámèyítọ́ mìíràn, àwọn kan mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo gbólóhùn wọn ni mo fi ń wé tirẹ̀, kò sì dáa fún wọn, kò dáa fún mi. Ẹ má sáré wá arọ́pò. Ẹ fún ara yín láyè.

Ohun tó bá mi yanjú rẹ̀ ni ìwé kékeré kan tí mo rà. Bí mo bá ti wo fíìmù tán, kí n tó ka ohunkóhun tí ẹlòmíràn kọ, mo máa ń kọ ohun tí fíìmù náà ń gbìyànjú láti ṣe, bóyá ó ṣe é, àti ibi tí ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó dùn, kò dùn, ni mo ń kọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdí ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ sórí rogerebert.com, níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù wà láti ọdún 1967, bí ó bá jẹ́ fíìmù àtijọ́ ni mo wò, kí n wò ó bóyá ojú wa bá ara mu.

Nígbà tí Steve James, ẹni tó darí Hoop Dreams, gbé fíìmù nípa Ebert jáde ní 2014, èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ lọ wò ó. Ó dáa tí mi ò dá lọ. Wọ́n fi ilé ìwòsàn hàn, wọ́n fi hàn bí wọ́n ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ohun tí mo ń ṣe lálaalẹ́ tí ọmọ mi kò rí rí. Ó di ọwọ́ mi mú. Nínú ọkọ̀ ló ti bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ohun tí ẹ máa ń ṣe níbi iṣẹ́ nìyẹn?" A sọ̀rọ̀ títí a fi délé, nípa iṣẹ́ mi, nípa àwọn tó kú lọ́wọ́ mi tí mi ò sọ̀rọ̀ wọn nílé rí.

Ó ku ohun kan tó pẹ́ kó tó yé mi. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú, nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ohun tí Ebert bá sọ ni mo ń gbà. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá Siskel jiyàn, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, kò lè fẹ́ kí èèyàn máa gba gbogbo ọ̀rọ̀ òun bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ń wo Die Hard, fíìmù tó fẹ́ràn jù láyé, nípa ọlọ́pàá kan tó dá kojú àwọn ọ̀daràn tó gba ilé gogoro kan. Mo sọ fún un pé ìràwọ̀ méjì péré nínú mẹ́rin ni Ebert fún un ní 1988, pé ìwà òmùgọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá inú fíìmù náà ló bà á jẹ́ lójú rẹ̀. Ọkọ mi bínú. Ó ní ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn gan-an ló jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ọkùnrin tó wà lókè ilé náà dá wà, kò sí ìjọba kankan tó ń bọ̀ wá gbà á. Mo ní kó tún un wò láti ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti dé. A wò ó. Ọkọ mi ló jàre, Ebert ṣi í gbà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀.